Aládùúgbò Tí A Fi Nọ́ńbà Pè

Ní Aramọkọ, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn,
níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti yarọ sí,
mo jókòó ti súwíìsì kan lóru.
Iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ bí ọmọ tí oorun ń kùn,
fáànù inú rẹ̀ náà ń kùn,
ọyẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò pọ̀ lẹ́nu:
kí n sọ fún ẹ̀rọ yìí pé ó ní aládùúgbò ní Ìjerò.
Kí n kọ àdírẹ́sì onítọ̀hún,
kí n kọ nọ́ńbà ìdílé rẹ̀,
kí n fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan dè é,
kí n dúró.

Ọ̀nà kan kò wọjà, àgbà ti wí bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé
ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò mọ ọjà,
àfi bí ẹni tó múlé ti ọjà bá sọ fún ẹni tó múlé tì í,
kí ìyẹn tó wá sọ fún wa.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀rọ dáhùn pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.
Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn yín:
"mo wà lẹ́nu iṣẹ́" ní èdè tirẹ̀
ni pé mo ń kanlẹ̀kùn, kò tí ì sẹ́ni tó ní kí n wọlé.
Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi ń gba iwájú ilé Fátúyì lọ sóko,
tó ń húkọ́ kó tó débẹ̀, tó tún ń húkọ́ bó bá kọjá tán,
nítorí pèrègún ààlà kan
tí wọ́n ní ó ti rìn wọ inú kòkó ẹnìkejì.
Pèrègún kì í rìn.
Àwọn méjèèjì mọ̀.

Mo pe Ìbídùn ní Ìjerò.
Oorun wà lóhùn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
"Ka nọ́ńbà tí o kọ fún mi."
"Ẹ̀fà, àrún, òdo, èjì, ení."
"Èjì, ení kẹ̀? Ení, èjì ni mí!"
Ó dákẹ́. Ó ní, "Háà."
A rẹ́rìn-ín, àwa méjì tí òkè là láàárín.
Láti agogo mọ́kànlá,
tèmi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an lẹ́nu ọ̀nà,
tirẹ̀ ń retí àlejò kan tí a kò bí.

Bí ìwọ nìkan bá pe ènìyàn ní aládùúgbò,
ògiri lo ń kí.

Ó tún un kọ.
Ọ̀rọ̀ ojú gíláàsì yí padà,
ọ̀nà sì ń rọ́ wọlé bí ọmọ ilé-ìwé tí aago lù fún:
ọ̀nà Ìjerò, ọ̀nà Ìdó, ọ̀nà Ọ̀tùn,
ọ̀nà àwọn ìlú òkèèrè tí n kò lè pe orúkọ wọn.

Láti ìsinsìnyí wọn yóò máa kí ara wọn,
ìṣẹ́jú kan, ìkíni kan,
kò ju "mo wà" lọ.
Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá láìsí ìkíni,
ẹnìkejì á ká gbogbo ọ̀nà tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nílẹ̀
bí ẹni ká ẹní.
Kò ní bú u.
Á tún padà lọ kanlẹ̀kùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta!
Ọdún kejìlá ni Fátúyì kú.
Ẹ̀yìn ìsìnkú ni bàbá mi tó là á:
igi kòkó tó wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ni.

Ilẹ̀ ń mọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́.
Mo ní, "Wọ́n ti ń kí ara wọn."
Ó wò mí tẹ̀sín tẹ̀sín, ó lọ gbé ike omi rẹ̀.

Mo gba iwájú ilé Fátúyì lọ sílé.
N kò húkọ́.
Opó rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí títì.
Mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́, Mà."
Ìgbálẹ̀ dúró.
Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá.